Iléyá: Ọpẹ́ Lórí Ará Ilé àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Ẹni

Ti Ọlọ́hun ni gbogbo ọpẹ́, Ọba tí Ó dá ẹ̀mí wa sí títí oṣù Dhul-Hijja fi tún bá wa láyé, tí Ó fún wa ní ará ilé tí à ń pè tí wọ́n sì ń jẹ́ wa, tí Ó sì fi iṣẹ́ sí ọwọ́ púpọ̀ nínú wa. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àti ará ilé rẹ̀, àti gbogbo àwọn sàhábé rẹ̀.

Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọdún yìí yẹ ní ríronú sí. Ní èdè Lárúbáwá, ọdún ẹran pípa ni wọ́n ń pè é. Àwọn baba wa kò tú u bẹ́ẹ̀. Iléyá ni wọ́n pè é, ìyẹn ni pé ilé ti yá, kí ẹni tí ó wà ní oko àti ẹni tí ó wà lẹ́nu òwò ní ìlú òkèèrè di ẹrù rẹ̀ kí ó máa bọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú ọdún náà ni pé ọmọ yóò rí baba rẹ̀, àbúrò yóò rí ẹ̀gbọ́n, ẹni tí wọ́n jọ jà lọ́dún tí ó kọjá yóò jókòó ti ẹni kejì lórí ẹní. Ṣùgbọ́n lóde òní, àgbò ti gba ipò ilé mọ́ ilé lọ́wọ́. A mọ àwọn ọ̀dọ́ tí kì í lọ sílé mọ́ lásìkò Iléyá. Kì í ṣe pé ọkàn wọn kò fà sí òbí wọn. Wọn kò ní owó àgbò ni, ojú sì ń tì wọ́n láti wọlé lọ́wọ́ òfo. Wọn a sọ fún ìyá wọn pé iṣẹ́ pọ̀, pé ọ̀gá àwọn kò fún àwọn láyè, wọn a sì fi ọjọ́ ọdún sùn nínú yàrá tí wọ́n háyà ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ni ó jẹ wá lógún jù lọ́dún yìí.

A kò bú wọn, nítorí a mọ ohun tí ojú ń rí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n sì fi náírà sílẹ̀ kí ó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó ilé ti kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni rò. Láti Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú àgbò tí à ń pa nílẹ̀ Yorùbá ti ń wá, inú ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n sì ń kó wọn sí. Bí owó epo ọkọ̀ bá gòkè, tí ojú ọ̀nà kò sì fi ọkàn ẹni balẹ̀, orí àgbò ni ẹni tí ó ń tà á yóò bu gbogbo rẹ̀ lé. Òfin owó oṣù òṣìṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 gbé iye tí ó kéré jù lọ dé ₦70,000. Kí ẹni tí ó ń gba iye yìí mú owó oṣù rẹ̀ odindi lọ sí ìsọ̀ àgbò, kí ó má jẹun, kí ó má wọkọ̀, kí ó wo ohun tí wọn yóò fà lé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni mìíràn kò rí iye yẹn gbà, ká má tíì sọ ti ọmọ iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ọ̀gá.

Ẹ̀sìn wa kò sì fi ìgbà kan di ẹrù yìí lé wa lórí. Ní ọ̀nà Ìmáámù Málíkì tí púpọ̀ nínú àwọn àlùfáà wa ń tọ̀, sunná tí ó lágbára ni ẹran ọdún jẹ́ fún ẹni tí ó ní agbára rẹ̀. Ẹni tí kò ní agbára, kò jẹ̀bi ohunkóhun. Hádíìsì fi yé wa pé àgbò méjì ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun dúńbú: ó pa ọ̀kan fún ara rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀, ó sì pa ìkejì fún àwọn tí kò lè pa nínú ìjọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ìwọ ọ̀dọ́ tí ó fara pamọ́ sí Èkó nítorí àgbò, Ànábì rẹ ti rántí rẹ kí a tó bí baba ńlá baba ńlá rẹ, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dúńbú tìrẹ. Ojú ta ni ó wá ń tì ọ́? A sì gbọ́ nípa Àbúbákàrì àti Úmárù, tí kò sí ẹni tí ó lè pè wọ́n ní aláìní tàbí ahun, pé ìgbà mìíràn wà tí wọn kì í pa ẹran ọdún, kí àwọn ènìyàn má baà sọ ọ́ di ọ̀ranyàn. Abu Ayyub, ọ̀kan nínú àwọn ará Mọ̀dínà tí ó gba Ànábì sí ilé, tilẹ̀ sọ ọ́ kedere nínú ohun tí Ìmáámù Málíkì gbà wá, pé ẹran kan ṣoṣo ni ọkùnrin máa ń pa fún ara rẹ̀ àti gbogbo ará ilé rẹ̀ nígbà ayé Ànábì, kí àwọn ènìyàn tó sọ ọ́ di ohun ìdíje àti fáàrí. Bí ó bá jẹ́ pé fáàrí ti wọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí àwọn sàhábé ṣì wà láyé, a kò níí yà yín lẹ́nu bí a bá sọ pé ó ti di aṣọ ìbora lọ́wọ́ tiwa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá burú ni ti owó èlé. Ní ìgbà àtijọ́, ẹni tí ó fẹ́ yá owó yóò lọ bá ènìyàn, yóò bẹ̀bẹ̀, ojú yóò sì tì í díẹ̀. Ìtìjú yẹn a máa dáàbò bo ẹlòmíràn. Nísinsin yìí, orí fóònù ni àwọn ayánilówó wà, ìṣẹ́jú mélòó kan sì ti tó láti jẹ gbèsè. Bí ẹni náà bá pẹ́ san, wọn a máa fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀, wọn a sì pè é ní gbájú-ẹ̀ lójú àna àti ojú ọ̀gá rẹ̀. Ìwà yìí pọ̀ dé ibi pé ní ọdún 2022, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní láti gbé ìlànà kalẹ̀ láti fi kápá wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n tilẹ̀ yọ ìdójútì kúrò nínú rẹ̀, èlé ṣì ni, Ọlọ́hun sì ti kéde nínú Súúrà Bàkárà pé Òun àti Òjíṣẹ́ Òun yóò bá ẹni tí kò bá jáwọ́ nínú èlé jagun. Kí ni a ó pe àgbò tí a fi irú owó bẹ́ẹ̀ rà láti fi sún mọ́ Ọlọ́hun? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa ẹran lọ́dún tí ń bọ̀, kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àjọ láti ọ̀sẹ̀ tí a bá ti ṣe ọdún yìí tán, kí wọ́n máa dá a díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa lè ṣe é, kò sì níí ni ẹnikẹ́ni lára.

Bí ọdún yìí kò bá ti ara àgbò bẹ̀rẹ̀, níbo ni ó ti bẹ̀rẹ̀? Inú ilé kan ni. Ẹ wo ìtàn náà bí Alùkùránì ti sọ ọ́. Nígbà tí Ànábì Ìbúráhímà lá àlá pé òun ń dúńbú ọmọ òun, kò wọ́ ọmọ náà lọ sí ẹ̀yìn òkè láìsọ̀rọ̀. Ó sọ fún un, ó sì béèrè ohun tí òun náà rí sí i. Baba tí Ọlọ́hun pàṣẹ fún bi ọmọ rẹ̀ léèrè! Mélòó nínú àwa baba ìsinsin yìí ni ó ń bi ọmọ léèrè ohun tí ó rí sí iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó kọ́, tàbí ẹni tí a fẹ́ kí ó fẹ́? Kí àgbò tó dé rárá ni Hájárà, ìyá ọmọ náà, ti sáré láàrín òkè Sáfà àti Máríwà lẹ́ẹ̀méje, tí ó ń wá omi fún ọmọ ọwọ́. Làálàá ìyá kan lórí ọmọ rẹ̀ ni, Ọlọ́hun sì sọ ọ́ di ìjọ́sìn tí ọba àti tálákà ń ṣe ní Mọ́kà títí di òní. Nígbà tí ọmọ náà wá dàgbà, òun àti baba rẹ̀ jọ gbé ìpìlẹ̀ Káábà ró. Bí wọ́n ti ń to òkúta ni wọ́n ń bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó gbà á lọ́wọ́ àwọn. Bàbá ń mọlé, ọmọ ń gbé òkúta fún un. Àgbò kan fara hàn nínú ìtàn yìí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ni ó pèsè rẹ̀. Ìbúráhímà kò jẹ gbèsè láti rà á.

Ànábì Dáúdà náà wà níbẹ̀ fún wa láti wò. Nínú Súúrà Sabaa, Ọlọ́hun ròyìn pé Òun mú kí irin rọ̀ fún un, kí ó máa fi rọ ẹ̀wù ogun, kí ó sì wọn ìdè rẹ̀ kí ó ṣe déédéé. Ní ẹsẹ kẹtàlá, àṣẹ tí Ó pa fún ará ilé Dáúdà ni pé kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ ní ti ìdúpẹ́. Ará ilé ni Ọlọ́hun bá wí níbẹ̀, iṣẹ́ ni Ó ní kí wọ́n ṣe, ọpẹ́ ni Ó sì pe iṣẹ́ náà. Ọba ni Dáúdà. Àpò ìlú ì bá bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ fún wa pé nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ti ń jẹ. Ìdè ẹ̀wù irin tí kò bá ṣe déédéé, ẹ̀mí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ sójú ogun ni yóò fi ṣòfò. Ẹ wá wò ó láàrín wa: mẹkáníìkì tí ó fi ayédèrú bíréèkì sí ọkọ̀ akẹ́rò tí yóò kó àwọn ènìyàn relé ọdún, bírìkìlà tí ó dín sìmẹ́ńtì kù nínú òpó ilé alájà mẹ́ta, ẹni tí ó ń ta oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ìyá tí ó tẹ ìdí kóńgò wọnú kí gààrí lè kéré. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pa màlúù odindi lọ́jọ́ Iléyá, tí ó sì pe gbogbo àdúgbò, kò tíì dúpẹ́. Èyí tí ó dì bíréèkì náà dáadáa tí kò sì pa ohunkóhun ti dúpẹ́.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ó dúńbú ẹran lọ́dún yìí kíyè sí, nítorí ó ti di àṣà láàrín wa. Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe Hájì ìdágbére ní ọdún kẹwàá tí ó ti ṣí lọ sí Mọ̀dínà, ọgọ́rùn-ún ràkúnmí ni ẹran rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó sì ní kí Àlíù pa ìyókù. Ó pa á láṣẹ fún Àlíù kí ó fi ẹran náà ṣe sàráà, àti awọ rẹ̀, àti aṣọ tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn wọn, kí ó má sì mú nǹkan kan nínú rẹ̀ fún alápatà gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Inú àpò àwọn ni àwọn yóò ti san ìyẹn. Kí ni àwa ń ṣe? Ẹni tí ó bá wa dúńbú àgbò, tí ó fi iná jó irun rẹ̀, tí ó kun ún láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí àgbò tàbí ọrùn rẹ̀ ni a ń fà lé e lọ́wọ́, a ó sì ní a ti san owó rẹ̀. Ẹran Ọlọ́hun ni a fi san gbèsè ara wa yẹn. Ẹ fún un ní owó tí ẹ jọ dúnàádúrà lé lórí. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá fẹ́ fún un ní ẹran bí ẹ ti fún aládùúgbò, ó di ọ̀rẹ́ àti sàráà.

Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ kò sì mọ sí ti alápatà. Ọ̀gá wà láàrín wa tí yóò lọ sí yídì nínú agbádá tuntun, tí yóò jókòó sí ẹ̀yìn Lèmọ́ọ́mù, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì tíì gba owó oṣù méjì. Ànábì wa jíṣẹ́ fún wa pé ẹni mẹ́ta ni Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣẹjọ́ lọ́jọ́ ìgbéǹde, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́, tí ó gba iṣẹ́ náà pé, tí kò san owó rẹ̀. Kí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ta àgbò tí ó ti so mọ́lẹ̀, kí ó fi san owó.

Ní ti ará ilé, àwọn obìnrin ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí àwọn ọkùnrin ti ń wẹ̀, tí wọ́n ń ta lọ́fínńdà, tí wọ́n ń kábárà lọ sí yídì, ẹnu ààrò ni ìyàwó àti ìyá wọn wà láti ìdájí, wọ́n ń lọ ata, wọ́n ń re ìrẹsì sínú omi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kí ìrun ọdún láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ ilé ọkọ. Bẹ́ẹ̀, Ummu Atiyya ròyìn pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pàṣẹ kí gbogbo obìnrin jáde lọ sí yídì, títí kan àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí kì í sábà jáde, àti àwọn tí ó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, tí wọn yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bá wọn pín nínú oore àti àdúà ọjọ́ náà. Oúnjẹ lè dúró di ìgbà tí a bá dé. Bí ọkùnrin bá sì bá wọn gbé ìkòkò, kò bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n bi ìyá wa Àíṣátù léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé, ó ní iṣẹ́ ilé ni ó máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe, bí ìrun bá sì tó, yóò jáde lọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé yín pẹ̀lú ẹnu yín, kí wọ́n gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó tún ń fi èrè ọjà gbọ́ bùkátà tí ọkùnrin kò lè gbọ́ mọ́.

A kò lè ṣàì mẹ́nu ba Ojúde Ọba tí àwọn Ìjẹ̀bú ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ìtàn tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ ni pé ọpẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí: àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú Òde ni ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ Afìdípọ̀tẹ̀mọ́lẹ̀ pé ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Nísinsin yìí, ẹṣin àti aṣọ ẹgbẹ́ ni gbogbo ayé ń wò níbẹ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí aṣọ, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò fi gbèsè ra aṣọ ẹgbẹ́ rántí ohun tí àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ bá ọba sọ fún un.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ṣe ọdún: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, ọlọ́pàá, àti àwọn ọmọ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Iléyá kì í ti í ṣe ọjọ́ ìsinmi ìjọba, tí wọn yóò mú ọjọ́ kan nínú ìsinmi ọdún wọn kí wọ́n tó lè kírun. Ẹ má bínú sí wọn, ẹ pè wọ́n. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ rárá, a kò níí fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín jẹ. Ó nira, kì í sì ṣe ọ̀lẹ ni ó mú un bá gbogbo yín. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní kí ènìyàn mú okùn kí ó lọ ṣẹ́ igi tà sàn ju kí ó máa ṣagbe. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ẹ̀ka ẹgbẹ́ mọ iṣẹ́ tí ọwọ́ yín mọ̀. Ẹ sì lọ sílé. Ìyá tí ó bí yín kò lóyún àgbò.

Ọdún kan wà tí àwọn aláìní láti oko ya wọ Mọ̀dínà lásìkò Iléyá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹran pamọ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, kí àwọn ènìyàn náà lè rí jẹ. Nígbà tí ọdún yípo tí ìnira náà ti lọ, ó gbà wọ́n láyè láti tọ́jú rẹ̀. Ọdún tí a wà nínú rẹ̀ yìí jọ ọdún àwọn ará oko yẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó ki ẹran bọ inú fíríìsà, ẹ ka àwọn ilé tí wọn kò níí dúńbú ẹran ní àdúgbò yín, Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé opó àti ilé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọdé gbé e lọ nínú abọ́ tí a dé, kí ẹni tí yóò gbà á má baà rò pé ẹ wá fi ọrọ̀ hàn òun.